Ibi Tí Iṣẹ́ Dé Ló Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Ìyìn Tó Yẹ Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ń kọjá lẹ́bàá àwọn bíríkìlà tó ń mọlé n'Íbàdàn, "ẹ kú iṣẹ́ o" ni yóò kí wọn. Bó bá fẹ́ kí wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, "well done" ni yóò sọ, wọn á dá a lóhùn, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ẹni yẹn wá sọ ohun kan náà fún òṣìṣẹ́ tó wà lórí àkàbà ní Manchester, onítọ̀hún lè máa wojú ẹ̀ pé kí ló parí. Létí Òyìnbó, iṣẹ́ tó ti yọrí ni wọ́n ń sọ "well done" sí. "Well done" ti Nàìjíríà kì í ṣe àṣìṣe o, ìkíni ni. "Ẹ kú iṣẹ́" ló wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ tó bá ti kúrò nílé, àwọn èèyàn kì í dá a mọ̀.

"Ẹ kú" tiwa ń bá ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ, ó ń bá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ, ó sì ń bá ẹni tó ti ṣe tán lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ẹ̀. Kéèyàn tó la ẹnu, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ náà dé.

Bí iṣẹ́ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, "good luck" ló wọ́pọ̀ fún ẹni tó ń lọ ṣèdánwò. Òde òní, wọ́n tún ń sọ "you've got this", ìyẹn ni pé agbára rẹ ká a. Àwọn onítíátà ní tiwọn lọ́tọ̀: èèwọ̀ ni "good luck" láàárín wọn, "break a leg" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó fẹ́ bọ́ sórí ìtàgé, bí ẹni ń sọ pé kó kán lẹ́sẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", kò sì jẹ̀bi.

Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí nǹkan sì ń lọ dáadáa, "keep it up" tàbí "you're doing great" ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí pé wàhálà ló wà nínú ẹ̀, "hang in there" ni. Kò yẹ kéèyàn sọ èyí fún ẹni tí ayé ń dùn mọ́, torí yóò máa rò pé ìṣòro wo lo rí tí òun ò rí.

Iṣẹ́ tó ti parí ló gba "well done". "Good job" làwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù, "nice one" sì pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Britain. "Congratulations" tóbi ju ìwọ̀nyí lọ: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìwé-ẹ̀rí, iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó fọ abọ́ kò nílò ẹ̀. "On" ló sì ń tẹ̀ lé e, "congratulations on your wedding". "For" tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi sí i, ẹ̀yìn "thank you" ni ipò tirẹ̀.

Ohùn tún lè yí gbogbo ẹ̀ padà. "Nice try" fún ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fo òpó kọjá, ìtùnú ni. "Nice try" fún ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ tí àṣírí tú, yẹ̀yẹ́ gidi ni. Ní Britain, "not bad" lè jẹ́ ìyìn ńlá, pàápàá lẹ́nu ọ̀gá tí kì í yinni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ "quite good", má tíì jó, torí ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí lọ́hùn-ún ni pé ó dára díẹ̀. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé tún wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ ọ́n. Òbí tàbí olùkọ́ ló sábà máa ń sọ "I'm proud of you". Bí òṣìṣẹ́ bá sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ó dà bíi pé ó ń fọwọ́ pa á lórí. "I learned a lot from that" ló bójú mu. "Good girl" tí àwọn ọ̀gá kan níbí ń pe òṣìṣẹ́ wọn obìnrin, ọmọdé àti ajá ni wọ́n ń sọ ọ́ fún lọ́hùn-ún. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ lè gbà pé wọ́n fojú tẹ́ òun ni.

Fún ọmọ, ohun téèyàn yìn tún ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck, àwọn olùwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí ìbéèrè le, tí gbogbo wọn sì kùnà, àwọn tí wọ́n yin ọpọlọ wọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ tẹ̀ síwájú mọ́. Àwọn tí wọ́n yin iṣẹ́ wọn ṣì fẹ́ máa gbìyànjú jù wọ́n lọ. Ìdí nìyẹn tí "you worked really hard on this" fi sàn ju "you're so clever" lọ.

Ó ku èsì. Yorùbá á ní "ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run" tàbí "kò tó nǹkan", ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, "thank you" ti tó. Bí ẹlòmíràn bá bá ọ ṣe é, dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn kí o tó dákẹ́.