Ta ló máa ti kámẹ́rà wọ inú màmá yín? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè: Inú ló ń run màmá wa, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe endoscopy. Ṣé dókítà àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ò lè ṣe é ni?

Rárá o, àfi tó bá kọ́ ọ. Rọ́bà gígùn tín-ín-rín kan ni, iná àti kámẹ́rà wà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n á tì í gba ọ̀nà ọ̀fun dé inú ikùn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Èyí tó ń gba ìdí wọ ìfun ńlá ni colonoscopy. Àwọn méjì ló sábà máa ń ṣe é: dókítà àrùn inú tí wọ́n ń pè ní gastroenterologist, àti dókítà oníṣẹ́ abẹ tó lọ kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá rí FMCP lẹ́yìn orúkọ ẹ̀, ó ti yege nínú ìtọ́jú àgbàlagbà, FMCS ni ti oníṣẹ́ abẹ. Àmọ́ kò sí èyí tó sọ pé ọwọ́ ẹ̀ mọ kámẹ́rà nínú ìwọ̀nyẹn, ẹnu lẹ máa fi bi í.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe fẹ́ bi dókítà nírú ìyẹn? Kò ní bínú?

Kó máa bínú lọ, ara ìyá yín ni. "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe é, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ sì máa ń ṣe é lọ́sẹ̀?" Ní ọsibítù olùkọ́ni, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè di kámẹ́rà mú, kò burú, tí ọ̀gá ẹ̀ bá ṣáà dúró tì í.

Tó bá jẹ́ colonoscopy, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ bi í bóyá ó máa ń dé ìparí ìfun ńlá, torí nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó kéré tán ó yẹ kó dé ibẹ̀ lára àádọ́rùn-ún. Ìgbà tí wọ́n bá ń fà á bọ̀ ni wọ́n máa ń wo inú ìfun fínnífínní, ó sì yẹ kí fífà yẹn gbà tó ìṣẹ́jú 6 ó kéré tán, ẹni tó bá fà á jáde wàrà-wàrà lè fo nǹkan dá. Ẹ tún bi í pé tó bá rí kókó nínú ìfun, ìyẹn polyp, ṣé ó máa gé e lójú ẹsẹ̀? Tí kò bá lè gé e, ẹ máa tún mu oògùn tó ń fọ ìfun, ẹ máa tún sanwó, Ìjẹ̀bú wo ló fẹ́ sanwó nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì!

Ìbéèrè: Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ béèrè ní ọsibítù olùkọ́ni OOUTH tó wà ní Ṣágámù, tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn. UCH Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó náà wà ńbẹ̀. Ẹ pè kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, bóyá owó tí wọ́n dá kan abẹ́rẹ́ oorun àti ẹran ara kékeré tí wọ́n máa gé nínú ikùn lọ sí láàbù. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ kámẹ́rà náà pẹ̀lú, omi nìkan ò tó o, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láàárín ẹnì kan sí ìkejì.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ ọ́lísà, ìyẹn egbò inú, ló ń ṣe wọ́n, ṣé gààrí ló fà á? Gààrí wa kan gan-an, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀.

Gààrí Ìjẹ̀bú lè ta ibi tó ti dégbò, àmọ́ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní H. pylori àti oògùn ara ríro bí ibuprofen ló ń fa ọ̀pọ̀ ọ́lísà. Dókítà Barry Marshall ará Ọsirélíà gbé kòkòrò yẹn mu ní 1984 kí wọ́n lè gbà pé ó ń fa àrùn inú, inú ikùn ẹ̀ sì wú lóòótọ́, òun àti Robin Warren tí wọ́n jọ ṣàwárí kòkòrò náà wá gba Nobel ní 2005. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà wọn wá kòkòrò náà nínú ẹran tó bá gé, ó sì yẹ kó ti sọ fún màmá pé kí wọ́n dá omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí oògùn yẹn lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀.

Dókítà tí ò bá tiẹ̀ béèrè oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò, ẹ yáa wá ẹlòmíì. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin tàbí clopidogrel, àti ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró.

Ìbéèrè: Ṣé ó máa ń dun èèyàn?

Ó máa ń ni èèyàn lára ju kó dùn ún lọ. Wọ́n á fín oògùn sí màmá lọ́fun kí ọ̀fun wọn kú tipiri, màmá á dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n á fi nǹkan kan há eyín wọn kí wọ́n má baà gé rọ́bà jẹ. Tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ oorun, nọ́ọ̀sì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń ṣọ́ èémí wọn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ mú wọn lọ sílé, kò sí pé wọ́n ń dá gun ọ̀kadà lọ.

Ìbéèrè: Ìgbẹ́ wọn ti ń dúdú láti ìjẹta ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ìyẹn blood tonic tó ní iron nínú, ó máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, tó dúdú, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó sì ń rùn, tàbí tí wọ́n ń bì ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣa dókítà ti kúrò ńbẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ẹmẹ́jẹ́ǹsì lálẹ́ òní.