Yàrá Ìyá Aránṣọ: Ibi Tí Àwòrán Vuillard Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orírun àwòrán inú yàrá tí ayàwòrán Édouard Vuillard fi lórúkọ, ilé ìyá rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà. Wọ́n bí i lọ́dún 1868 ní Cuiseaux, nílẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n Paris ló dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1884. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ìyá ni wọ́n fi ń jẹun: kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí àwọn obìnrin fi ń fún ìbàdí, ni ìyá ń rán nínú ilé tí wọ́n ń gbé gan-an. Ọmọṣẹ́ ń wọlé, oníbàárà ń jáde, àjákù aṣọ alárà ló wà nílẹ̀ káàkiri. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni Vuillard wà títí ìyá fi kú lọ́dún 1928.

Ó bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Nabis ṣe, àmọ́ tíátà gan-an ló là á lójú. Lugné-Poe, tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, dá Théâtre de l'Œuvre sílẹ̀ lọ́dún 1893, Vuillard sì ń bá a kun ẹ̀yìn ìtàgé. Ọ̀dà ibẹ̀ kì í ṣe elépo. Àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń pò mọ́ àtè tí wọ́n fi awọ ẹran sè, gbígbóná ni wọ́n sì ń lò ó, torí bó bá ti tutù, ó dì nìyẹn. Tó bá gbẹ, kì í dán rárá. Ọ̀dà yìí kan náà ló fi ya àwòrán ńláńlá 9 fún ilé Alexandre Natanson, ẹni tó ń tẹ ìwé ìròyìn jáde ní Paris, lọ́dún 1894.

Ẹ wo àwòrán ìyá Vuillard àti Marie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yà lọ́dún 1893, tó wà ní MoMA, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà, ní New York. Ìyá wọ dúdú, ó jókòó gbagidi, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Marie lẹ̀ mọ́ ògiri, ó tẹrí ba bí ẹni tí férémù kéré fún, àrà aṣọ rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ wọnú àrà ara ògiri lọ. Ilẹ̀ yàrá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá síwájú bíi ti orí ìtàgé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, síbẹ̀ a mọ ẹni tó ni ilé. Mi ò tíì rí eré tó sọ ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ju báyìí lọ.

Vuillard kì í sábà jókòó ti ohun tó ń yà. Á fi pẹ́ńsù ha á wéréwéré, á wá fi ìrántí parí rẹ̀. Nígbà tó ra kámẹ́rà Kodak, ìyá rẹ̀ ló ń bá a fọ fọ́tò.