Ta Ló Fi Àpá Iná Sí I Lápá?

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán wá sọ́dọ̀ wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Apá rẹ̀ òsì ti bó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló jó o. Níbi tó ti ń lọ aṣọ ni wárápá ti gbé e, ó ṣubú, áyọ́ọ̀nù já lé e lápá, àwọn ọmọṣẹ́ mẹ́fà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù sì sá jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń pariwo "Jésù! Jésù!" títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó wọlé lọ gbé irin gbígbóná yẹn kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wọn pé ẹni tí itọ́ oníwárápá bá ta sí lára, òun náà ti kó o nìyẹn.

Bí mo ṣe ń di egbò náà, ọ̀gá rẹ̀ sún mọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ wo apá ọ̀tún náà, àpá iná wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń ní in. Àmì àìsàn náà nìyẹn."

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nídìí ìtọ́jú àwọn tí wárápá ń gbé, mi ò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó là mí lójú sí ìdẹ́yẹsí bí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Kò parọ́. Àpá iná wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn lóòótọ́. Ohun tí kò bi ara rẹ̀ ni pé ta ló fi àpá náà síbẹ̀. Wárápá kì í jóni. Iná ló ń jóni, kì í sì í jóni dé egungun bí ẹnì kan bá wà nítòsí tó fà wá kúrò níbẹ̀. A sá fún un, ó jóná. Ó jóná tán, a wá ń fi àpá rẹ̀ jẹ́rìí pé ó yẹ ká sá.

Ìbéèrè tí bàbá kan bi mí lóṣù tó kọjá ló mú mi rántí rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ìpàdé ẹgbẹ́ kan ni mo sì ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí wárápá. Bàbá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ní: "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníṣègùn òyìnbó, gbogbo ohun tí àwọn baba wa ń ṣe lẹ máa ń pè ní àìmọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ wọn, alárinà á kọ́kọ́ lọ wádìí ìdílé wò. Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé lásán ni wọ́n ń wádìí ni? Àbí kò síbi tó ti tọ́ rárá kéèyàn yẹra fún ẹlòmíì nítorí ohun tó wà lára rẹ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bàbá. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ìbéèrè gidi ni. Mo dáhùn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Mi ò ní pe àwọn baba wa ní aláìmọ̀kan. Ojú wọn rí nǹkan. Wọ́n rí i pé ẹni tí wárápá ń gbé máa ń kú sódò, pé ó máa ń já lórí ọ̀pẹ, pé ó máa ń ṣubú sínú iná. Ohun tí wọ́n rí, bó ṣe rí nìyẹn. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò bọ́ sí i.

Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń wá. Bí iná mànàmáná kékeré kékeré ni iṣẹ́ ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn nínú ọpọlọ wa, òun ni apá kan fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì. Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá bú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìtò, ara á gan, á máa gbọ̀n, ojú á yí sókè, ẹlòmíì á gé ahọ́n jẹ tàbí kó tọ̀ sára. Ohun tó ń fà á pọ̀: ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ibà tó wọ ọpọlọ, àrùn lọ́rùnlọ́rùn tó ń mú ọrùn gan, ọkọ̀ tó kọlu èèyàn lórí, ẹ̀jẹ̀ ríru tó di rọpárọsẹ̀, aràn ara ẹlẹ́dẹ̀ tó gba inú èèyàn dé ọpọlọ. Ti ẹlòmíì wà tí a kì í rí ìdí rẹ̀ rárá. Itọ́ kò sí nínú ohun tó ń fà á. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu oníwárápá, irú èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń gbé mì ní gbogbo ọjọ́ ni. Òun ni kò ráyè gbé e mì lásìkò yẹn.

Ẹni tó bá ṣì rò pé èpè ni, kó bá mi ká lọ sí Ìbàràpá. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde láti Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì. Ilé dé ilé ni wọ́n lọ, àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000, 101 nínú wọn ni wárápá ń gbé. Bí ẹni márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Ní Ayétẹ̀, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, iye tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú jẹ́ 37 nínú ẹgbẹ̀rún. Ìbàràpá kan náà, èdè kan náà, òrìṣà kan náà. Ìtọ́jú ìlera ni àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí pé ó mú ìyàtọ̀ wá, torí láti 1963 ni yunifásítì ti gbé ètò ìlera lọ bá àwọn ará Igbó-Ọrà. Èpè wo ló ń bẹ̀rù ilé ìwòsàn?

Bí mo ṣe ń dárúkọ ilé ìwòsàn yìí, mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ti ń ronú nípa àgbo. Bí gìrì bá mú ọmọ nítorí ibà, àwọn kan ṣì wà tó ń sáré wá ìtọ̀ màlúù tí wọ́n po mọ́ ewé tábà, efínrín, aáyù àti àlùbọ́sà. Wọ́n á rọ ọ́ sí ọmọ lọ́fun níbi tí kò ti lè gbé nǹkan mì. Àwọn mìíràn á na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná kó lè jí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gìrì ibà tó ń mú ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọmọ ọdún márùn-ún, ọ̀tọ̀ ni sí wárápá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sábà máa ń lò tó fi ń lọ fúnra rẹ̀, ibà tó fà á ló yẹ ká sáré gbé ọmọ lọ tọ́jú. Àgbo yẹn ńkọ́? Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń dá èémí dúró. Láti bí àádọ́ta ọdún ni àwọn dókítà wa ti ń pariwo rẹ̀. Ọmọ tí kò bá bá a lọ lè jí pẹ̀lú ọpọlọ tó ti bàjẹ́, wárápá gidi á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n nà síná á di àpá. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, alárinà á dé, á wo ẹsẹ̀, á mi orí.

Ibi tí mo ti fara mọ́ bàbá olùkọ́ ni pé ìwádìí kò burú. Àwa náà ń wádìí jẹ́nótáìpù. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. A mọ ohun tí à ń wá, a mọ bó ṣe ń gba ara òbí bọ́ sára ọmọ, àwọn méjèèjì tó fẹ́ra wọn la sì ń sọ ọ́ fún kí wọ́n pinnu. Ti wárápá kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn irú kan wà tó ń tẹ̀ lé ìdílé, mi ò ní fi pamọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí bàbá tàbí ìyá wọn ní in ni kò ní ní in láyé. Èyí tó ti ọwọ́ jàǹbá ọ̀kadà wá, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ?

Kì í ṣe alárinà nìkan ló ń wádìí o. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ti ọdún 1970 ka wárápá tó ń gbéni léraléra mọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ lè torí rẹ̀ tú ìgbéyàwó ká, bí ẹnì kejì kò bá mọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é tó sì gbé ẹjọ́ dé láàárín oṣù méjìlá. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, títí wọ àwọn ọdún 1970, òfin kò ní kí ilé oúnjẹ tàbí ilé ìworan má lé oníwárápá jáde. Ohun tí irú òfin báyìí ń kọ́ ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ sílé ọkọ ò ju pé kó pa ẹnu mọ́ fún ọdún kan.

Mo mọ ìyàwó tuntun kan tó ń kó òògùn rẹ̀ sínú ike fítámì. Nígbà tí ìyá ọkọ wá bá wọn gbé, ẹ̀rù bà á, ó pa òògùn tì pátápátá. Ó ti lóyún oṣù méje nígbà tí wárápá gbé e lórí àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ n fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ ní ó tan àwọn jẹ, wọ́n ní bí àwọn oníwárápá ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹlẹ́tàn ni wọ́n. Mo wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, mo ń wá ẹni tí ì bá gbà á sílé ká ní ó ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mi ò rí i.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ń pe èèyàn ló jẹ́ ìdẹ́yẹsí. Ọmọ Èkìtì ni mí. Mo ti gbọ́ "olóríkunkun" débi pé mo ti fi ṣe oríkì, bí ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú ṣe ń fi "ahun" rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, kò gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Ọjọ́ tí onílé bá torí rẹ̀ kọ̀ láti fún mi ní yàrá, ó ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀.

Bàbá tún dárúkọ ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ń ràn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í yára ràn rárá. Bí alárùn bá ti bẹ̀rẹ̀ òògùn, kò lè kó o ran ẹlòmíì mọ́, láti 1995 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rí sí i pé wọ́n ń fún wọn ní òògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí nígbà kan rí. Ìdí ti lọ, ìbẹ̀rù ṣì jókòó síbẹ̀.

Ó ku ìdáhùn tí inú àwọn aláìsàn mi kì í dùn sí. Ẹni tí wárápá ṣì ń gbé kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀. Kó má gun ọ̀pẹ, kó má gun àkàsọ̀, kó má dá lọ wẹ̀ lódò, kó má ti ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Awakọ̀ dáńfó kan fìbínú gbá tábìlì mi: "Ẹ̀yin náà ń dẹ́yẹ sí mi!" Mo ní kó jókòó. Mo ní ohun tí mo sọ yìí ní ìdí tí mo lè fi hàn án, èmi àti àwọn èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ la jọ mọ ìdí náà. Mo ní kò kan ọ̀rọ̀ aya tó fẹ́ fẹ́ tàbí abọ́ tó fẹ́ fi jẹun. Mo tún ní ó ní ọjọ́ tí a ó padà wò ó: bó bá lo òògùn dáadáa, tí wárápá kò sì gbé e mọ́ fún àkókò tó pẹ́, a ó tún jókòó sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń dẹ́yẹ sí, ta ló ń dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún un? Ara rẹ̀ á yá tán, wọ́n á ní ó ṣì wà níbẹ̀.

Ara sì ń yá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú àwọn bí àádọ́ta mílíọ̀nù èèyàn tó ní in láyé, bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wárápá lè má gbé mọ́ bí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti òògùn tó yẹ. Láti 1912 ni phenobarbital, ọ̀kan nínú àwọn òògùn wárápá, ti wà, kò wọ́n. Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín. Bí obìnrin bá sì fẹ́ lóyún, kó tètè sọ fún dókítà, torí àwọn òògùn kan wà tí kò dáa fún ọmọ inú.

Bó bá gbé ẹnì kan níwájú yín, ẹ gbé iná, ọ̀bẹ àti gíláàsì kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí i lábẹ́ orí. Ẹ má dì í mú, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Eyín ni ṣíbí ń ká. Bí ara bá ti rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ wo aago láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún gbé e kó tó jí, ọsibítù ni.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọ̀gá aránṣọ yẹn lọ́jọ́ tó mú ọmọ wá. Ó ń mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Ó ní òun á kàn gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọmọ náà, kó dojú kọ bọ́tìnnì. Mo ní ìyẹn náà dáa.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, fóònù mi dún lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òun ni. Kò tiẹ̀ kí mi. "Nọ́ọ̀sì, ó gbé e nísinsìnyí. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni, mo wo aago. Orí rẹ̀ wà lórí lésì oníbàárà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jí i ni àbí kí n fi í sílẹ̀ kó sùn?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ kó sùn.