Owó oṣù mi kò pé: báwo ni mo ṣe lè rí i gbà kíákíá?

Ọdún 2011 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta mi níbẹ̀, wákàtí 124 ni mo ṣe, owó wákàtí 112 ni wọ́n san. Ọjọ́ náà gan-an ni mo rí i, mo sì panu mọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá ń bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè owó, ojú rẹ̀ ló le. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó lanu. Máníjà tó mọ̀ sí i ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ṣíìfù ti di àwátì, owó wákàtí 12 sì wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù, iṣẹ́ náà ni mo sì ń ṣe di òní. Àwọn ìbéèrè tí àwọn àbúrò àti àwọn àgbà ń bi mí jù lọ lórí owó tí kò pé ni mo kó jọ síbí. Òfin England, Scotland àti Wales ni mo ń sọ. Northern Ireland ní tiwọn lọ́tọ̀.

Àǹtí, ó dà bíi pé owó mi kò pé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú kí n tó lọ bá wọn?

Payslip, ìwé tó ń fi ìṣirò owó oṣù rẹ hàn, ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, má wo iye tó wọ báńkì nìkan. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ó di dandan kí payslip ẹni tí wọ́n ń fi wákàtí ṣírò owó rẹ̀ fi iye wákàtí tí wọ́n san hàn. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ tìrẹ. Bí o kò bá ní àkọsílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lónìí: ya fọ́tò rota, ìwé tí wọ́n to ṣíìfù yín sí, kí wọ́n tó yí i padà, kí o sì máa kọ ìgbà tí o dé àti ìgbà tí o kúrò sínú fóònù rẹ.

Ohun méjì ló sábà máa ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ti ìṣirò pa. Ibòmíràn, tó bá ti di ọjọ́ 15 tàbí 20, ṣíìfù tí o bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ á bọ́ sínú owó oṣù kejì. Kò sọnù. Béèrè ọjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Èkejì ni kóòdù owó orí. Bí o bá rí BR lórí payslip iṣẹ́ kan ṣoṣo tí o ní, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo owó rẹ, láìyọ £12,570 tí èèyàn lè gbà lọ́dún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí. Fún ẹni tí owó rẹ̀ ju £1,047.50 lọ lóṣù, £209.50 ni ìyẹn ń gbé lọ lóṣooṣù. Ọ̀gá rẹ kò jẹ ọ́ ní irú owó yẹn. HMRC, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba, ni kí o pè kí wọ́n tún kóòdù náà ṣe.

Ó ti dá mi lójú báyìí pé wọ́n yọ wákàtí mi. Ta ni kí n bá, kí ni kí n sì sọ?

Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́, lọ bá máníjà lójúkojú pẹ̀lú ẹ̀rín, kí i dáadáa, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òun àti àwọn tó ń ṣírò owó. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ní déètì.

Mo ti ka irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ gan-an, mo sì mọ èyí tí a máa ń tètè dá lóhùn. Kì í ṣe èyí tó gùn, kì í sì í ṣe èyí tó ń pariwo olè. Ìlà àkọ́kọ́ ti sọ iye: owó tí wọ́n san fún mi lọ́jọ́ báyìí dín ní £153.84. Ìlà kejì sọ bó ṣe jẹ́: ṣíìfù ọjọ́ 9, wákàtí 12, £12.82 fún wákàtí kan, kò sí lórí payslip. Fọ́tò rota wà nísàlẹ̀. Ìlà kẹta sọ ohun tí o fẹ́ àti ọjọ́ tí o fẹ́ ẹ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án sínú àkáǹtì mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì. Ó parí. Bí ẹni tó wà nídìí ìṣirò kò bá ní láti wá ohunkóhun kiri kó tó rí àṣìṣe náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé tó ní "owó mi kò pé, ẹ bá mi wò ó" nìkan ló máa ń sùn sísàlẹ̀ àpótí, torí ẹni tó gbà á ní láti ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ìwọ ti bá a ṣe.

Àwọn kan á ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìdákẹ́. Mo dákẹ́, ó sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Wọ́n gbà pé àwọn ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ṣé dandan ni kí n gbà?

Rárá o. Ọjọ́ owó ni owó náà tọ́ sí ọ. Abala 13 nínú Employment Rights Act ti ọdún 1996 sọ pé bí owó tí wọ́n san lọ́jọ́ náà bá kéré sí èyí tó yẹ kí wọ́n san, a ó ka ìyókù sí owó tí wọ́n yọ lára owó iṣẹ́ rẹ. Pé wọ́n ní èrò láti san án lọ́jọ́ mìíràn kò yí ìyẹn padà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa tó wà nídìí ìṣirò mọ̀. Owó oṣù gbogbo èèyàn sábà máa ń gba BACS kọjá, ọ̀nà tí báńkì fi ń san owó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sì ni ìyẹn ń gbà. Òun ló fà á tí wọ́n fi ń sọ fún ọ pé "a ti ti ìwé pa." Ṣùgbọ́n báńkì ọ̀hún kan náà ní Faster Payments, tí owó ń gbà dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n lè fi sọdá sí ọ lónìí bí owó àsansílẹ̀, kí wọ́n wá tò ó dáadáa sórí payslip oṣù kejì pẹ̀lú owó orí rẹ̀. A máa ń ṣe é. Nítorí náà, má kàn ní "ẹ bá mi ṣe kíá." Sọ pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Faster Payments san án lónìí, kí ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ nínú ìṣirò oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí mọ̀ pé o mọ ohun tó ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ £15 ni, tí ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dúró, dúró, ṣùgbọ́n gba ìlérí náà lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ owó ilé, má dúró.

Ilé dé ilé ni mo ń lọ wẹ àwọn arúgbó. Àkókò tí mo wà nílé wọn nìkan ni wọ́n ń san. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí àwọn tó ń jìyà rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ń jìyà. Nínú òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, ìrìn láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn, iṣẹ́ ni. Ìrìn láti ilé tìrẹ sí ti àkọ́kọ́, àti èyí tó gbé ọ padà sílé lálẹ́, wọn kò kà á.

Fi oṣù Kẹsàn-án 2025 ṣe é. Ilé mẹ́fà lóòjọ́, ìṣẹ́jú 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: wákàtí 3. Ìwé àdéhùn ní £12.82 fún wákàtí kan, wọ́n sì san £38.46. Ṣùgbọ́n ìrìn márùn-ún ló wà láàárín ilé mẹ́fà, ogún ìṣẹ́jú sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 1 àti 40 ìṣẹ́jú nìyẹn. Àpapọ̀ iṣẹ́ rẹ di wákàtí 4 àti 40 ìṣẹ́jú. Pín £38.46 sí i, £8.24 ló kù fún wákàtí kan. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2025, £12.21 ni owó tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21, ó sì di £12.71 ní oṣù Kẹrin 2026. Ní £12.21, ó kéré tán, £56.98 ló yẹ kí o gbà lọ́jọ́ náà. £18.52 ló dín. Bí ogún ọjọ́ tí o ṣe lóṣù náà bá rí bẹ́ẹ̀, £370.40 ni. Owó epo mọ́tò tí wọ́n ń dá padà fún ọ kò sí nínú ìṣirò yìí, torí kì í ṣe owó iṣẹ́.

O lè kọ ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí o wo àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí wọ́n ní lórí rẹ. Ọjọ́ 14 ni òfin fún wọn. Bí wọn kò bá san ìyókù, fẹjọ́ sun ìjọba nípasẹ̀ Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, o sì lè ní kí wọ́n má dárúkọ rẹ. Àyẹ̀wò ìjọba lè padà sẹ́yìn tó ọdún mẹ́fà, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó ìlọ́po méjì gbèsè náà, tí kò ní ju £20,000 lọ lórí òṣìṣẹ́ kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ju yín lọ lọ́jọ́ orí. Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀gá mi, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìwé sí i?

Ẹ kú ọjọ́ kan pẹ̀lú, sà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa dojú kọ gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe èmi. Ẹ lọ rí i fúnra yín ná, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ímeèlì kúkurú ránṣẹ́: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lónìí, owó oṣù Kẹsàn-án ku báyìí." Kò sí àrífín nínú ìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì lè gbàgbé ohun tí ẹ sọ, ìwé náà ló máa rántí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ọ̀rọ̀ pásítọ̀ tàbí "àwa-ara-wa" bẹ̀ yín pé kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ bi í pé ta ló máa bá yín san owó ilé. Owó ọwọ́ yín ni, ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi ló mú mi wá sílùú yìí. Ó ní bí mo bá ń da òun láàmú, òun á fagi lé fìsà mi.

Kò ní agbára yẹn. Home Office nìkan ló ń fagi lé fìsà. Ohun tí ọ̀gá lè ṣe ni kí ó ròyìn fún wọn pé iṣẹ́ rẹ ti parí. Lẹ́yìn ìyẹn, Home Office sábà máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 60 láti wá ẹlòmíràn tó máa gbà á síṣẹ́ lábẹ́ fìsà tuntun. Kódà, bí ó bá ń san ohun tó kéré sí iye tó kọ sórí ìwé tí ó fi mú ọ wá, ìwé àṣẹ tí òun fi ń mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè gan-an ló wà nínú ewu.

Kí ó lé ọ torí pé o béèrè owó tí òfin fún ọ, ìlénilẹ́nuṣẹ́ lọ́nà àìtọ́ ni, ì báà jẹ́ oṣù méjì péré ni o tíì lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́. Ilé ẹjọ́ lè fún ọ lówó, kò lè dá fìsà padà fún ọ. Nítorí náà, tọ́jú gbogbo payslip àti rota síbi tí kì í ṣe fóònù iṣẹ́, máa rọra wá ibi iṣẹ́ mìíràn tó ní ìwé àṣẹ, má sì fi ọ̀rọ̀ fìsà rẹ lọ ẹni tí kò ní àṣẹ láti gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Bí o bá lè wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ ọ́ kí wàhálà tó dé.

Mo ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò dáhùn. Ìgbà wo ló pẹ́ jù?

Oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san owó náà. Bí ó bá jẹ́ oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́, láti ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ kẹ́yìn ni, ilé ẹjọ́ kò sì sábà wo ẹ̀yìn kọjá ọdún méjì. Òfin kan tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kejìlá 2025 yóò sọ oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, ṣùgbọ́n máa ka mẹ́ta. Ẹni tó bá ka mẹ́ta kò lè pẹ́ jù.

Ẹjọ́ tí o ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ kì í dá àkókò yìí dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyẹn: wọ́n ń dúró de ìpàdé tí máníjà ń sún síwájú, ọjọ́ sì ń lọ. Acas ló ń dá a dúró. Kọ ìwé ìlàjà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń dá ọjọ́ dúró; bí ìmọ̀ràn lo kọ́kọ́ ń fẹ́, pè wọ́n lórí 0300 123 1100. Wọ́n á pe ọ̀gá rẹ, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí kò dá ímeèlì mẹ́ta lóhùn ló sì máa ń gbé fóònù Acas. Bí kò bá yanjú, wọ́n á fún ọ ní ìwé ẹ̀rí tí o fi lè lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 2013, ẹni tí wọ́n jẹ ní £200 ní láti san £160 kó tó gbé ẹjọ́ wọlé, àti £230 sí i kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON ló pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fagi lé e ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2017. Àwọn èèyàn jà kí ilẹ̀kùn yẹn tó ṣí. Ẹ jẹ́ ká máa gbà á wọlé.

Wọ́n ní àwọn san àsanlé fún mi lóṣù tó kọjá, ni wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́ ni wọ́n san lé lóòótọ́, òfin gbà wọ́n láyè. Béèrè ìṣirò rẹ̀, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pín in sí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọ́n sábà máa ń gbà.

Owó náà ti wọlé o! Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ó kù díẹ̀. Wá ìlà rẹ̀ lórí payslip, kí ó dá dúró pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kí o lè rí i pé wọn kò kàn fi wákàtí oṣù yìí dí ti oṣù tó kọjá. Bí owó orí rẹ bá ga lóṣù náà, má fòyà; bí kóòdù rẹ bá dára, yóò tún ara rẹ̀ ṣe kí ọdún owó orí tó parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Bí o bá ń dá owó ìfẹ̀yìntì, yẹ̀ ẹ́ wò pé ọ̀gá dá tirẹ̀ sí i lórí owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàgbé jù.