Kí Píánò Ilé-Ìwé Tó Gun Orí Ìtàgé

Bí àwọn onítíátà bá fẹ́ yá píánò ilé-ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èmi tí mò ń tún ohùn píánò ṣe. Táyà kéékèèké ẹsẹ̀ píánò ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n rò pé ohun tó bá ti ní táyà, títì ló kù. Ká lè sún un díẹ̀ gbálẹ̀ ni táyà yẹn wà fún, kì í ṣe ká fi la ọgbà ilé-ìwé kọjá. Píánò olóòró, èyí tí a máa ń fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, sábà máa ń wúwo tó 200 sí 300 kìlógíráàmù. Ẹ̀yìn ni irin rẹ̀ wà, ẹ̀yìn náà ló sì máa ń ṣubú sí bí táyà bá há sí kòtò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tì í. Àwọn tó mọ iṣẹ́ píánò kíkó ni kó gbé e.

Àmọ́ ká sòótọ́, ojú ọ̀nà kọ́ ni ìjàǹbá tí mò ń rí ti ń wá jù. Tábìlì ni píánò lójú àwọn onítíátà. Mo tú ọ̀kan tó ti ibi eré dé: ohun mímu aládùn ti ṣàn sábẹ́ kíì mẹ́fà, igi wọn ti wú, bí mo bá tẹ̀ wọ́n, wọn kì í dìde mọ́. Òmíràn, ṣe ni wọ́n gún píìnì mọ́ orí àwọn òòlù inú rẹ̀ tó ń lu wáyà, kó lè dún bíi ti ilé ọtí àtijọ́. Irun àgùntàn tí wọ́n kì pọ̀ ló wà lórí òòlù wọ̀nyẹn, ihò tí píìnì bá sì dá sí i kì í dí. Inú bí mi lọ́jọ́ náà.

Bí òṣèré bá kàn fẹ́ díbọ́n pé òun ń tẹ píánò, kí wọ́n wá èyí tó ti kú, kí wọ́n kó inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì gbé kíbọ́ọ̀dù oníná sí i. Ìyẹn, kí wọ́n kùn ún lọ́dà bó ṣe wù wọ́n.

Tó bá sì di dandan kí tiyín lọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ tinú-tòde, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: kò sí ife lórí rẹ̀, kò sí téèpù, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí i, kó má sì wà lábẹ́ iná gbígbóná. Ẹni tó yá a ni yóò san owó títún ohùn rẹ̀ ṣe.

Ẹ má sì pe èmi tàbí ẹlẹgbẹ́ mi láti tún ohùn rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ tó bá padà dé. Nǹkan bí 230 wáyà ló ń fa ara wọn lórí pákó tó ń wú bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, tó ń sún kì bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ìdánwò orin bá wà nílẹ̀, láti ọjọ́ ìdánwò náà ni kí tíṣà ti ka ọjọ́ sẹ́yìn kó tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn.