Omi apadàbọ̀, kì í ṣe "omi tútù tó ṣeé sọ dọ̀tun"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò níbí ní Òṣogbo sọ pé "omi tútù tó ṣeé sọ dọ̀tun fún orí kọ̀ọ̀kan" ti dínkù gidigidi ní Nàìjíríà láti ìgbà òmìnira. Omi tí kò níyọ̀, tí òjò ń dá padà sínú odò àti ilẹ̀ lọ́dọọdún, tí a wá pín fún iye ènìyàn, ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tó fi pè é ló bí mi nínú. Ní Old Garage, ọmọ tó bá ń kígbe "omi tútù rèé o", omi inú fíríìjì ló gbé sórí. Bí a bá sì dé ojúbọ Ọ̀ṣun, omi ìtura là ń pè ní omi tútù. Kò sí èyí tó túmọ̀ sí omi tí kò níyọ̀ nínú méjèèjì.

"Sọ dọ̀tun" ló tún wá burú jù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni sísọ nǹkan dọ̀tun: ènìyàn ló ń sọ ilé dọ̀tun, tó ń sọ bàtà dọ̀tun. Aládùúgbò mi kan tó gbọ́ ètò náà bi mí bóyá omi gọ́tà ni wọ́n fẹ́ máa sẹ́ fún wa mu. Kò jẹ̀bi. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ fún un ló gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní kí n lo "omi abùùbùtán". Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n omi òkun ló ni ín. Omi tí à ń sọ yìí ṣeé bù tán láàárín ọdún, bí a bá bù ju èyí tó ń wọlé lọ. Líbíyà ń fa omi àtayébáyé láti abẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà. Omi náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò kò dá a padà síbẹ̀ mọ́, nítorí náà kò sí nínú ìṣirò yìí.

Apadàbọ̀ ni mo mú. Bí ẹni tó ń pẹja ṣe jẹ́ apẹja, omi tó ń padà bọ̀ jẹ́ apadàbọ̀. Òjò rọ̀, Ọ̀ṣun gbé e lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà gbé e fún òkun, oòrùn fà á sókè, ó tún di òjò. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹnìkan bá bèèrè pé "iyọ̀ ńkọ́?", ta ló tọ́ iyọ̀ wò nínú òjò rí? N kò ní tìtorí ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni ìpín omi apadàbọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo agboolé kan nítòsí Ọjà Ọba. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù rẹ̀ ń kún àgbá mẹ́wàá lọ́dún. Nígbà ayé bàbá àgbà, ènìyàn márùn-ún ló ń gbébẹ̀, àgbá méjì-méjì ló kàn wọ́n. Lónìí, wọ́n ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sì sí ẹni tí ìpín rẹ̀ tó ìdajì àgbá. Òjò kò dínkù, páànù kò jò. Ọmọ ló pọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, ka omi apadàbọ̀ tó ń ti inú ilẹ̀ Nàìjíríà wá sí 221 bílíọ̀nù kúbíìkì mítà lọ́dún; lítà 1,000 ni kúbíìkì mítà kan. (Àwọn kan ń kọ "mítà onígun mẹ́ta". Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ní igun mẹ́ta kò lè gba omi dúró.) Ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n pa pọ̀ láti rí iye yìí, wọn kì í sì í yí i padà lọ́dọọdún. Ní 1960, nǹkan bí 45 mílíọ̀nù ni wá, ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan wa sì jẹ́ nǹkan bí 4,900 kúbíìkì mítà lọ́dún. Ní báyìí tí a ti lé ní 200 mílíọ̀nù, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,000. Ní Áísílándì tí wọn kò tó ìdajì mílíọ̀nù, ó lé ní 400,000.

Malin Falkenmark, onímọ̀ omi ará Swídìn, fi ààlà sí i: ìnira omi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìpín bá ti kéré sí 1,700. Bí kò bá tó 1,000, ó di ọ̀wọ́n omi. Ọ̀wọ́n ni kí ẹ pè é, kì í ṣe ọ̀dá. Ọ̀dá ni tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀.

Kí ẹ tó fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ka omi tó ń ṣàn wá láti orí páànù aládùúgbò. Odò Ọya ń gbé ti àwọn ẹlòmíràn wá fún wa. Bí a bá ka irú ìyẹn mọ́ ọn, 221 di 286. Íjíbítì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omi tirẹ̀ rárá. Odò Náílì ló gbé e ró, 55.5 bílíọ̀nù lọ́dún sì ni àdéhùn 1959 pẹ̀lú Sùdáánì fún un.

Ní ti 1,000 tiwa, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ọ̀nà 40,000 ni fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́dún. Èyí tó ń gba abẹ́ afárá Ọ̀ṣun kọjá lóru wà nínú rẹ̀, èyí tó rì sínú ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí oko àti ilé iṣẹ́ ń lò náà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe wá a lẹ́nu ẹ̀rọ omi àdúgbò yín.