Fóònù tó di módẹ́ẹ̀mù: ta ló ń tẹ nọ́ńbà gan-an?

Tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ní ojú síìmù kò lè dá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ POS tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù inú rẹ̀ ti lọ, tí oníbàárà sì tò síwájú rẹ̀, náà kò lè dá a ṣe. Ohun tí ẹni tó ni ín máa ń ṣe ni pé kó mú fóònù rẹ̀, kó tan hotspot, kó so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, kí iṣẹ́ máa lọ. Wọ́n á ní ó ti fi fóònù ṣe módẹ́ẹ̀mù. Kò burú. Àmọ́ tí a bá tú u wò, fóònù tó tan hotspot ń ṣe ju iṣẹ́ módẹ́ẹ̀mù lọ, ibi tó ti ń ṣe jù ú lọ yẹn náà sì ni dátà wa ti ń jò.

Módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì rí. Yóò gba àwọn 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà kó fún un, yóò sọ wọ́n di irú àmì tí wáyà tẹlifóònù tàbí afẹ́fẹ́ lè gbé, yóò sì sọ èyí tó ń bọ̀ láti òdìkejì padà di 0 àti 1. Ó tán. Kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ, òun ń jẹ́ ẹ. Ní 1981, ilé iṣẹ́ Hayes ní Amẹ́ríkà gbé Smartmodem jáde, àwọn àṣẹ tí wọ́n ṣe fún un sì ni àwọn tó kù gbà lò: lẹ́tà A àti T ló ṣáájú wọn. ATD pẹ̀lú nọ́ńbà, ìyẹn ni pé kó pe nọ́ńbà náà. ATH, kó gbé e kalẹ̀. Bí ó bá wọlé, módẹ́ẹ̀mù á dáhùn pé CONNECT. Bí ìlà bá já, NO CARRIER.

Nígbà tí GSM dé, wọn ò wá èdè mìíràn. Àwọn àṣẹ AT yìí kan náà ni wọ́n kó sínú fóònù, tí wọ́n fi tiwọn lé e. Ẹ̀rọ yòówù tó bá ti gbọ́ èdè módẹ́ẹ̀mù lè pàṣẹ fún fóònù.

Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ ló jàǹfààní ẹ̀ jù. Palm Pilot jáde ní 1996, Psion Series 5 ti àwọn ará Britain tẹ̀ lé e ní 1997. Orúkọ àti àdírẹ́sì èèyàn, kàlẹ́ńdà àti àkọsílẹ̀ ráńpẹ́ ni wọ́n wà fún. Wọn kì í ṣe fóònù, wọn ò sì ní síìmù. Àmọ́ Psion yìí, àti Palm III ti 1998, ní ojú dúdú kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn kò rí, ń gbà jáde. Àwọn fóònù bíi Nokia 6210, tó jáde ní 2000, ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka ímeèlì á gbé méjèèjì kalẹ̀ sórí tábìlì, á kọ ojú wọn síra. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í kọjá nǹkan bíi mítà kan, ọwọ́ lásán sì lè dí i, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan tábìlì títí ímeèlì á fi wọlé.

Ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Palm ni nọ́ńbà ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Òun ló ń sọ fún fóònù pé kó pè é. Bí wọ́n bá gbé e lọ́hùn-ún, òun náà ló ń fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ hàn, òun ni wọ́n sì ń fún ní àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nípasẹ̀ ìlànà tí wọ́n ń pè ní PPP. Gbogbo ohun tó ń kọjá, fóònù kàn ń gbé e ni, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù pọ́ńbélé nìyẹn.

Ó máa ń pẹ́, ó sì wọ́n. Ìpè dátà lórí GSM ń gbé bíìtì 9,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́tò 1MB, tí WhatsApp ń gbé kọjá lónìí kí èèyàn tó ṣẹ́jú, á gbà tó ìṣẹ́jú 14. Owó ìpè sì ni wọ́n ń gbà, ìyẹn ni pé bí o bá dákẹ́ tí o ń ka lẹ́tà kan lọ láìtíì já ìlà, owó ń lọ.

GPRS, ọ̀nà dátà tuntun lórí GSM, ló wá yí owó náà padà sí iye dátà téèyàn lò. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: GPRS kò ní nọ́ńbà tí èèyàn ń pè, Palm sì rèé, kò mọ nǹkan míì ju kó pe nọ́ńbà lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dùn mọ́ mi títí dòní. Wọ́n ṣe nọ́ńbà irọ́ fún un: *99#, tàbí *99***1#. Palm á pàṣẹ pé kí fóònù pe *99#. Fóònù ò ní pe ẹnikẹ́ni, á kàn ṣílẹ̀kùn GPRS, á sì dáhùn pé CONNECT, inú Palm á dùn pé wọ́n ti gbé e. Èyí tó bá ti lo módẹ́ẹ̀mù USB tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà nígbà tí 3G dé Nàìjíríà nínú ẹ̀yin òǹkàwé á rántí pé *99# yìí náà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú APN, orúkọ ẹnu ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa ń gùn gbọọrọ bíi web.gprs.mtnnigeria.net.

Bluetooth gba ipò infrared láìpẹ́. Nokia 6310 àti Ericsson T39 ti 2001 ní in, Palm Tungsten T ti 2002 náà ní in. Fóònù lè wà nínú báàgì, kó jìnnà tó mítà 10, kí ẹ̀rọ ọwọ́ ṣì máa pàṣẹ ATD fún un. Ọ̀nà tó ń gbé e nìkan ló yàtọ̀, àṣẹ kò yí padà.

Hotspot ló yí i padà. Android gbé e wọlé pẹ̀lú ẹ̀yà 2.2 ní 2010, iPhone pẹ̀lú iOS 4.3 ní 2011. Kò sí ẹni tó ń tẹ nọ́ńbà mọ́. Fóònù fúnra rẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó so mọ́ ọn sì dà bí èrò inú agbo ilé kan: àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ará ìta mọ̀, baálé ló ń gba gbogbo lẹ́tà, tó sì mọ yàrá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Nọ́ńbà inú ilé ni fóònù ń pín fún wọn. Ó pẹ́ tí Android ń jẹ́ 192.168.43.1 lọ́dọ̀ àwọn tó so mọ́ ọn. iPhone ń jẹ́ 172.20.10.1.

Ibi tí jíjò náà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Palm mọ̀ pé ìpè lòun wà, kì í lọ sórí ìlà àyàfi tí o bá ní kó lọ. Ẹ̀rọ tó so mọ́ hotspot ní tirẹ̀ rí Wi-Fi, ó sì lè rò pé Wi-Fi ilé tí kò lópin ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe ápù, á máa kó fọ́tò lọ sí ibi ìpamọ́. Android tó so mọ́ Android sábà máa ń mọ̀ pé dátà olówó ni. Kọ̀ǹpútà Windows sábà máa ń kà á sí Wi-Fi lásán, 5GB a sì di ìtàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wọ inú ètò Wi-Fi ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ ọn, kì í ṣe ti fóònù, kí ẹ sọ ọ́ di "metered", ìyẹn dátà tí wọ́n ń kà. Lórí iPad, "Low Data Mode" ni kí ẹ tàn.

Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lè mọ̀ pé o ń pín in. Gbogbo ìdìpọ̀ dátà ló ní nọ́ńbà kan lára tí wọ́n ń pè ní TTL, tí 1 máa ń yọ kúrò nínú rẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá. Android àti iPhone sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 64. Èyí tó ti ara tábúlẹ́ẹ̀tì gba inú fóònù kọjá á dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú 63, àṣírí á tú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi owó ọ̀tọ̀ lé e. Ní 2012, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Verizon san 1.25 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba láti parí ìwádìí lórí bó ṣe ní kí Google má jẹ́ kí àwọn oníbàárà òun rí ápù tethering, ìyẹn ápù tó ń pín dátà fóònù fún ẹ̀rọ mìíràn. Lójú tèmi, ẹni tó ti ra 10GB ti ra 10GB, ẹ̀rọ tó bá wù ú ni kó fi jẹ ẹ́.

Fún oní-POS àti oní-tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó tan hotspot tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò rí i: ìgbì Wi-Fi 5GHz ni fóònù tuntun máa ń fẹ́ lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré kò sì rí ju 2.4GHz lọ. Ẹ yí i sí 2.4GHz nínú ètò hotspot. Lórí iPhone 12 sókè, "Maximize Compatibility" ló ń ṣe é.